Kí Òwò Ìyá Má Bàa Bá Ìyá Lọ

Ọ̀rọ̀ àsọyé níwájú àwọn oníṣòwò pùròfísọ̀n àti àwọn ọmọ wọn, Ìbàdàn

Ẹ̀yin ìyá wa ìyálọ́jà, ẹ̀yin bàbá wa bàbálọ́jà, ẹ̀yin àgbà tó wà ní ìjókòó, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ti ìsọ̀ yín pa kí ẹ tó lè wá gbọ́ ọ̀rọ̀ lónìí, mo kí yín o. Ẹ kú ìjókòó. Ẹ kú ìpéjọ. Ẹ kú ọjà, ẹ kú àtà. Ajé á wọgbá. Mo kí àwọn alábàárù wa tí wọ́n dúró lẹ́yìn lọ́hùn-ún náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá àga fún wọn. Orí wọn la fi ń kó páálí kúrò ní ọjà Agbẹni, kò yẹ kí wọ́n wà lórí ìdúró nígbà tí à ń sọ̀rọ̀ òwò.

Màámi wà níbí. Wọ́n jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún mi. Wọ́n ní kí n má dárúkọ àwọn, kí n má sì ki àwọn ní oríkì. Mo gbọ́, Màámi. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ, ọwọ́ yín ni mo ti rí i.

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ìsọ̀ mélòó lẹ mọ̀ ní Agbẹni, ní Ògùnpa, tàbí ní Òkè Àrín l'Ékòó, tó jẹ́ pé orúkọ ìyá kan la fi ń pè é ní ogún ọdún sẹ́yìn, tí ìyá náà ti papò dà, tí ọmọ rẹ̀ sì ń ta ọjà kan náà níbẹ̀ títí dòní? Ẹ má dá mi lóhùn kíákíá. Ẹ fi ọkàn yín rìn láti ìsọ̀ dé ìsọ̀. Ẹ rántí ìyá tó ń ta mílíìkì ní ìgun ọ̀nà. Ẹ rántí bàbá tó jẹ́ pé bí tírélà ṣúgà rẹ̀ bá dé, ọ̀nà á dí. Ibo ni òwò wọn wà? Lórí ìlà tiwa, ìka ọwọ́ kan tó mi ka àwọn tó ṣẹ́kù, mi ò ní ká ìka náà tán.

Àwọn èèyàn á ní owó ni kò sí. Èmi ò gbà. Mo ti rí òwò tó lówó tó kú. Ohun tí mo rí ni pé ojú ẹnì kan ṣoṣo ló ń ṣọ́ òwò náà. Ojú yẹn ló mọ ẹni tó jẹ gbèsè, ojú yẹn ló mọ páálí tó kù, ojú yẹn ló mọ ẹni tí a kì í tà fún láwìn. Nígbà tí ìsọ̀ jẹ́ ẹyọ kan, ojú náà tó. Ìgbà tí a bá fẹ òwò dé ibi méjì, dé ibi mẹ́ta, ojú kan ò tó mọ́. Ojú ìyá ò lè wà ní Agbẹni kó tún wà ní Òṣogbo. Nítorí náà, kí a tó fẹ òwò lójú, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ohun tó wà lójú ìyá wá sórí ìwé, kí ọmọ lè kà á. Ọ̀rọ̀ mi ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyókù jẹ́ bí a ṣe fi ara gbá a.

Ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀

Ọdún 1987 ni Màámi dé Agbẹni. Ẹ̀yin àgbà rántí ìgbà náà. Ọdún kan ṣáájú, ní 1986, ni ìjọba gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí gbogbo wa ń pè ní Sápù dé. Náírà já wálẹ̀, owó oṣù ò ká nǹkan mọ́. Akọ̀wé ìjọba ni bàbá mi, bí oṣù bá sì ti dé ọjọ́ kẹwàá, ilé ti dákẹ́. Màámi lọ bá ìyá àgbà kan, wọ́n gba páálí mílíìkì mẹ́ta àti àpò ṣúgà kan lọ́wọ́ rẹ̀ láwìn. Wọ́n ń ta mílíìkì ní agolo kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wọn ṣúgà ní kóńgò. Àrọ̀bọ̀ ni wọ́n ń ṣe nígbà náà. Ó tó ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó lè ta odindi páálí fún ẹlòmíì.

Fún ẹ̀yin ọmọ tí ẹ rò pé iṣẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn òbí yín: ó ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún 1901 ni ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn. Ohun tó ń ti òkè òkun wọ Èkó wá rí ọ̀nà tó yá dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó tẹ̀dó sí Gbági àti Dùgbẹ̀. Nígbà tí ó di 1929, àwọn ńlá méjì nínú wọn parapọ̀ di UAC. Ta ló ń gba ọjà lọ́wọ́ wọn? Àwọn ìyá wa. Wọ́n ń gbà á lódidi, wọ́n ń pín in fún àwọn tó ń tà á ní wẹ́wẹ́ ní Ọjà Ọba àti ní àwọn ìlú tó yí wa ká. Òyìnbó ò mọ ọ̀nà Mọ́níyà, ìyá wa mọ̀ ọ́n. Ohun tí a ń tà gan-an nìyẹn títí dòní: a mọ ọ̀nà, a mọ èèyàn.

Èrè wa tín-ín-rín

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ yọ fóònù yín, ẹ bá mi ṣírò. Ká ní páálí ọjà kan wọlé fún wa ní 20,000 náírà. Èló la máa jẹ lórí rẹ̀? Ẹni tó wà níta rò pé a ń jẹ 2,000. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbí mọ̀ pé bí èèyàn bá rí 300 jẹ, ó ti dúpẹ́, torí oníbàárà yẹn ti béèrè iye lọ́wọ́ ẹni márùn-ún kó tó yà sọ́dọ̀ yín. Bí a bá wá ra páálí 100, mílíọ̀nù 2 náírà la kó lélẹ̀, 30,000 sì lèrè. A ò tíì san owó alábàárù. A ò tíì san owó ìsọ̀. A ò tíì ra epo sí jẹnẹrétọ̀.

Kí ló wá ń kọ́lé fún àwọn ìyá wa? Yíyí ni. Bí páálí 100 yẹn bá tà tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tí a tún fi owó náà ra òmíì, lẹ́ẹ̀mẹrin lóṣù, 30,000 ti di 120,000, lórí mílíọ̀nù 2 kan náà. Bó bá jókòó fún oṣù kan gbáko, 30,000 yẹn náà ni. Ọjà kan náà, owó kan náà, ìsọ̀ kan náà. Ọ̀kan ń rìn, ìkejì ń sùn. Màámi ò wọ ilé ìwé, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń fi ọwọ́ gbá páálí tó bá ti pẹ́, wọ́n á ní, “Èyí ti ń di onílé o. Ẹ lé e jáde.”

Bí páálí kan bá wá sọnù ńkọ́? Bí eku bá jẹ ẹ́, bí ẹni tó gbà á láwìn bá sá lọ? Ẹ pín 20,000 sí ọ̀nà 300. Páálí 67 la máa tà kí a tó rí owó páálí kan yẹn padà. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ. Páálí 67, kí a tó padà sí ibi tí a wà tẹ́lẹ̀. Ẹ fi nọ́ńbà yẹn sọ́kàn, torí mo máa padà sí i.

Àwọn kan níbí jẹ́ dìsìtíríbútọ̀ fún ilé-iṣẹ́. Ẹ mọ̀ bó ṣe ń lọ: a ó san owó ṣáájú tàbí kí báńkì dúró fún wa, ilé-iṣẹ́ á fún wa ní tágẹ́ẹ̀tì oṣù, bí a bá lé e bá, wọ́n á fún wa ní ẹ̀bùn ìparí oṣù. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n mo ti rí ẹni tó jẹ́ pé bí oṣù bá ku ọjọ́ mẹ́ta, á bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọjà sí ìsàlẹ̀ iye tó rà á, kí tágẹ́ẹ̀tì lè pé, kí ẹ̀bùn lè wọlé. Ó ta púpọ̀, gbogbo ọjà ń pè é ní olówó. Àwọn àgbà ní ẹni tó gbin ọgọ́rùn-ún ebù tó pè é ní igba, bó bá jẹ ọgọ́rùn-ún òtítọ́ tán, á jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́. A kì í ka bí òwò ṣe fẹ̀ tó nípa iye tírélà tó já ẹrù sí ẹnu ọ̀nà.

Àwìn

Ibí ni mo ti fẹ́ pẹ́ díẹ̀, torí ibí ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣubú.

Àwìn kì í ṣe nǹkan burúkú. Láìsí àwìn, Màámi ò ní í dé Agbẹni. Àwọn Ìjẹ̀ṣà fi àwìn di ọlọ́rọ̀: wọ́n ru aṣọ láti ìlú dé ìlú, wọ́n tà á fún àgbẹ̀ láìgba kọ́bọ̀, wọ́n sì padà wá lọ́jọ́ àdéhùn. Bí onígbèsè bá ní kò sí, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀: òṣó ni màá ló gbowó mi. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pè wọ́n ní Òṣómàáló. Ẹ kíyè sí i: ẹni tó ń lóṣòó mọ ilé tó ń lọ, ó mọ iye tó ń gbà, ó sì mọ ọjọ́.

Àwìn tún ti ba ayé ẹni ńlá jẹ́ ní ìlú yìí. Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà ní oko, ó ní ẹrú, ó ń ṣòwò ohun ìjà. Àwọn olórí ogun Ìbàdàn ń gba ìbọn àti ẹ̀tù lọ́wọ́ rẹ̀ láwìn, wọn ò sì san án bó ṣe yẹ. Nígbà tó fa ọwọ́ sẹ́yìn, Ààrẹ Látòósà kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ fún un pé kò fi nǹkan ránṣẹ́ sójú ogun. Ní 1874 ni wọ́n yọ ọ́ lóyè, ọdún yẹn náà ni wọ́n pa á. Ìtàn rẹ̀ ní apá tó korò, mi ò wá dá a láre lórí bó ṣe ń lo àwọn ẹrú rẹ̀. Ohun tí mo ń wò ni ọlọ́jà kan tí gbèsè tó wà lóde ju agbára tó ní láti gbà á lọ.

Ẹ jẹ́ kí n wá sílé wa. Màámi ní ìwé kan, ẹ̀yìn rẹ̀ pupa. Wọn ò mọ̀ ọ́n kọ, ṣùgbọ́n wọ́n ń yàwòrán. Igi kan ni páálí kan. Òbírí kan ni àpò kan. Ojúlé oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀: fìlà, ìlù, igi ọ̀pẹ, ẹyẹ. Fún ọdún méjìlélógún, ìwé yẹn ò ṣìnà rí.

Ní 2009, àìsàn gbé Màámi dé ọsibítù, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ṣí ìwé pupa. Igi mẹ́tàdínlógún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ẹyẹ. Ta ni ẹyẹ? Igi méjìlélógún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìlà. Ta ló ni fìlà? A jókòó síbẹ̀, owó ìyá wa wà níwájú wa, a ò lè kà á. Mi ò tíì rí ohun tó dùn mí tó bẹ́ẹ̀ láyé òwò mi. Èmi tí wọ́n fi owó ọjà yẹn rán lọ sí yunifásítì, mi ò lè ka ìwé ìyá mi.

Lọ́jọ́ kẹfà, obìnrin kan wá láti Mọ́níyà. Ó ní, “Mo gbọ́ pé ara Màmá ò yá. Èmi ni Ẹyẹlé tí wọ́n ń pè. Páálí mẹ́tàdínlógún ló wà lọ́rùn mi.” Ó ka owó náà sílẹ̀, ó sì bú sẹ́kún. Ọkùnrin tó ni fìlà náà wá, ẹni tó máa ń bá wa jẹun lọ́jọ́ ọdún. Ó búra pé òun ti san gbogbo rẹ̀. Kí la máa sọ? Àwòrán fìlà ò lè jẹ́rìí. Páálí 22. Ẹ ṣírò rẹ̀ lọ́nà 67, ẹ wo iye páálí tí ẹbí wa tà lófo láti dí ihò kan ṣoṣo.

Nígbà tí ara wọn yá, mo mú ìwé tuntun, mo jókòó tì wọ́n lálaalẹ́ fún oṣù mẹ́ta. Mo rò pé orúkọ àti iye ni mo wá kọ. Ohun tí mo gbọ́ ju ìyẹn lọ. Wọ́n á ní, “Ẹyẹlé máa ń san lọ́jọ́ kejì ọjà Mọ́níyà, má pè é ṣáájú.” Wọ́n á ní, “Ti Ìyá Ìlù, bí àwọn ọmọ bá fẹ́ wọlé ìwé, má fún un ju páálí márùn-ún lọ, owó ilé ìwé ló máa fi san.” Wọ́n á ní, “Bàbá onígi ọ̀pẹ kì í jẹ gbèsè, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ni kí o bá sọ̀rọ̀.” Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tí báńkì ń ná owó ńlá láti mọ̀ nípa oníbàárà, orí ìyá yín ló wà, kò sì sí níbòmíì. Ẹ lọ kọ ọ́ sílẹ̀ lálẹ́ òní.

Láti ìgbà náà, gbogbo ẹni tó ń gbà láwìn lọ́dọ̀ wa ní iye tí kò gbọ́dọ̀ kọjá, a kì í sì í fún un ní tuntun bí ti àtijọ́ ò bá tíì wọlé. Ọdún 2023 tún kọ́ wa ní òmíì. Ní oṣù karùn-ún, owó ìrànwọ́ epo lọ. Ní oṣù kẹfà, ìjọba jọ̀wọ́ náírà sílẹ̀ kí ọjà máa díye lé e. Iye ọjà ń yí padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ padà sí páálí 100 wa. A tà á láwìn, oníbàárà jẹ́ olóòótọ́, ó san 2,030,000 pé pérépéré lẹ́yìn oṣù kan. Ṣùgbọ́n páálí ti di 23,000. Owó yẹn ò ra ju páálí 88 lọ. Kò sẹ́ni tó jí nǹkan, kò sẹ́ni tó jẹ gbèsè, páálí 12 sì ti lọ. Owó pé, ọjà ò pé. Ọjọ́ méje ni àwìn wa báyìí, fún ẹnikẹ́ni.

Ọwọ́ àwa ẹbí

Èyí nira fún mi láti sọ, ṣùgbọ́n bí mi ò bá sọ ọ́, mo ti tàn yín.

Ní 2011 a ṣí ìsọ̀ kejì sí Ìwó Ròòdù. Ẹ̀gbọ́n mi ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa láti kékeré. Lópin ọdún, a ka ẹrù, a ka owó, ó dín gan-an. Ta ló jí i? Gbogbo ojú yí sí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ó sunkún, ó búra. A lé e lọ, kó tó gba ìdáǹdè, lẹ́yìn ọdún márùn-ún tó ti sìn wá.

Ọdún kejì, ẹrù tún dín. Ọmọ yẹn ò sí níbẹ̀ mọ́.

Ìgbà náà ni àbúrò mi obìnrin, tó kọ́ṣẹ́ ìṣirò owó, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ gbogbo ohun tó ń jáde sílẹ̀, ti tèmi àti ti Màámi mọ́ ọn. Páálí mọ́ọ̀tì mẹ́ta fún ìsọmọlórúkọ. Owó ilé ìwé láti inú àpótí. Àpò ìrẹsì fún àna. Mílíìkì tí mo máa ń mú lọ sílé mi lọ́jọ́ Sátidé, tí mi ò kà sí nǹkan kan. Nígbà tó ro ó pọ̀ ní oṣù kẹta, ó pè wá jọ, ó ka á sí wa létí, ó sì dákẹ́. Bí ògiri ò bá lanu, alángbá ò ráyè wọ ibẹ̀. Àwa ni ògiri. Kò tilẹ̀ sí alángbá.

Màámi ló ṣáájú wa lọ sílé àwọn òbí ọmọ yẹn. Wọ́n kúnlẹ̀, ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin. Bàbá ọmọ náà ní kí wọ́n dìde, ó sì gba ẹ̀bẹ̀. Ọmọ náà ò dá wa lóhùn títí oṣù mẹ́fà fi kọjá, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Òun ni olórí sítóò wa lónìí, ó wà ní ìlà kẹrin níbẹ̀ yẹn, mo sì gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó sọ ọ́. Mo tún tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú gbogbo ìjọ yìí.

Ohun tí a ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ni pé a ya àpò méjì sọ́tọ̀, àpò ilé àti àpò ọjà. Gbogbo ẹbí tó ń ṣiṣẹ́ ń gba owó oṣù. Ẹni tí kò ṣiṣẹ́ ò gba nǹkan kan láti inú àpótí. Ẹni tó bá mú páálí á sanwó rẹ̀ bí oníbàárà. Ìjà ńlá dé lórí Màámi. Wọ́n ní, “Èmi? Kí ẹ máa san owó oṣù fún mi nínú ọjà tí mo fi orí rù?” Oṣù méjì la fi sọ ọ́. Wọ́n gbà níkẹyìn, pẹ̀lú májẹ̀mú kan: kí a máa yọ iye kan sọ́tọ̀ lóṣooṣù fún ọrẹ, fún ìsọmọlórúkọ àti òkú ará àdúgbò, torí ọjà tí kò yọjú níbi ayẹyẹ èèyàn ò ní í rí èèyàn tà fún. Òótọ́ ni wọ́n sọ. A kọ ìyẹn náà sílẹ̀, ó ní iye, ó ní ojúlé tirẹ̀ nínú ìwé.

Òṣogbo, lẹ́ẹ̀mejì

Ní 2014 a yá owó báńkì, a gba sítóò ńlá kan l'Óṣogbo, a ra ọkọ̀ akẹ́rù, a kó ẹrù kún ilé dé òrùlé. A pe àwọn èèyàn wá ṣí i. Oṣù mẹ́rìnlá lẹ́yìn náà, a ti í pa. Òjò ti òrùlé wọlé, ṣúgà di òkúta. Eku wọ inú bisikíìtì. Ọjọ́ tí mílíìkì máa bàjẹ́ ń sún mọ́lé, a tà á ní ìsàlẹ̀ iye tí a rà á. Èlé báńkì kì í sì í sùn lálẹ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni Màámi bi wá: “Ta lẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó kó ẹrù lọ?”

A ò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń tà ní Agbẹni la kó lọ.

Lẹ́yìn ọdún méjì, àbúrò mi kan náà wọ ọkọ̀ èrò pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ lọ́wọ́. Ó sọ̀ ní Ìkirè, ó sọ̀ ní Gbọ̀ngán, ní Òde-Òmu, ní Ẹdẹ, títí dé Òṣogbo. Kò tà nǹkan kan. Ó ń wọ ṣọ́ọ̀bù, ó ń kí wọn, ó ń béèrè: Kí lẹ̀ ń tà jù? Ọjọ́ wo ló máa ń tán? Ta lẹ̀ ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀? Kí lẹ̀ ń wá tí ẹ kì í rí? Ìdáhùn kan náà ló ń gbọ́. Àwọn obìnrin yẹn ń ti ṣọ́ọ̀bù pa fún odidi ọjọ́ kan láti wá sí Ìbàdàn, wọ́n ń san owó ọkọ̀ lọ, owó ọkọ̀ bọ̀, owó alábàárù, kí wọ́n lè ra páálí mẹ́ta mẹ́rin tí kò jọra. Kò sẹ́ni tó fẹ́ páálí 50. Ohun tó ń dùn wọ́n ni ọjọ́ tó ń sọnù.

A ò gba sítóò. A fi bọ́ọ̀sì kékeré kan bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ kan pàtó lọ́sẹ̀, òjò tàbí ẹ̀rùn, páálí oríṣiríṣi ní ìwọ̀nba. Ọjọ́ Ọjọ́rú ni ti Ìkirè àti Gbọ̀ngán. Bí Ọjọ́rú bá dé tí a ò yọjú, wọ́n á pè. Nígbà tí bọ́ọ̀sì ń lọ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ tí ẹrù ò sì kárí, ìgbà náà la gba yàrá kan ṣoṣo l'Óṣogbo. Nígbà tí yàrá náà kún, a gba ìkejì. Àwọn oníbàárà ló ṣí Òṣogbo kejì, wọn ò jẹ́ ká ti í. Nígbà tí epo fò láti iye tí kò tó 200 náírà lọ sí òkè 500 ní 2023, a dín ìrìn kù, a ní kí wọ́n máa fi ohun tí wọ́n ń fẹ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp ní ọjọ́ kan ṣáájú. Bọ́ọ̀sì ò gbé páálí kan jáde mọ́ tí kò ní olówó.

Ta ló ni ín?

Ó kù kan, àkókò sì ti ń lọ.

Bàbá mi fẹ́ ìyàwó méjì. Ọ̀pọ̀ yín mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nírú ilé bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń pín ogún. Ṣé ìdí-igi la máa lò, kí a pín in ní ojúlé ìyá kọ̀ọ̀kan? Àbí orí-ò-jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀? Ẹjọ́ ìdílé Dáwódù l'Ékòó, ọmọ mẹ́sàn-án láti ọ̀dọ̀ ìyàwó mẹ́rin, rìn dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé ẹjọ́ tó ga jù fún wa nígbà náà, ní 1962 lórí ìbéèrè yìí, ìdí-igi ló sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀. Ilé àti ilẹ̀ ni àwọn yẹn ní lọ́wọ́. Ilé ṣeé pín. Ẹ wá bá mi pín òwò. Ẹ fún ojúlé kan ní páálí 500, ẹ fún ìkejì ní ìwé gbèsè. Kí ló kù tí ẹ lè pè ní òwò?

Ìdí nìyẹn tí a fi lọ forúkọ òwò sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí kọ́ńpìnnì ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ òwò sílẹ̀. Ìpín la pín, a ò pín páálí. Bí ẹnì kan bá kú, ìpín rẹ̀ á lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀, tírélà á ṣì já ẹrù lọ́la. Ìwé yẹn ò wọ́n tó nǹkan tí a ń ná lórí òkú. Ẹ lọ ṣe é nígbà tí ìyá ṣì lè fọwọ́ sí i fúnra wọn.

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ kọ àwọn orúkọ, àwa ọmọ Màámi ti kọ tiwa. Wọ́n ní kí a kà á fún àwọn. A kà á. Wọ́n ní, “Ọmọ ìyàwó kejì dà? Ta ló ń sùn sí sítóò Òṣogbo lóru òjò?” Ẹ̀gbọ́n mi ní Màámi, òwò yín ni, kì í ṣe ti Bàbá, òfin ò mú yín. Wọ́n ní, “Mo mọ̀. Ẹ kọ ọ́.”

A kọ ọ́. Àbúrò wa yẹn ló ń ṣàkóso Òṣogbo lónìí, òun ló sì wa ọkọ̀ gbé Màámi wá síbí láàárọ̀ yìí.

Mo rí ọwọ́ ìyá kan lókè lẹ́yìn, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti nà án. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún wọn, kí a gbọ́ ìbéèrè tiwọn ná.